Iṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Kòríà: Ohun tó yẹ kí òbí mọ̀ kó tó fi oko ọ̀pẹ dógò

Iṣẹ́ olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ Kòríà ti gúúsù kì í ṣe àròsọ. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí tí ìjọba ilẹ̀ náà ti ń gba àwọn ọ̀dọ́ láti òkè òkun síṣẹ́ yìí, tí wọ́n ń fún wọn ní ibi tí wọn yóò máa gbé, tí wọ́n sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ lórí owó ọkọ̀ òfuurufú.

Àmọ́ òfin Kòríà ti sọ orílẹ̀-èdè tí ọmọ wọn lè ṣe iṣẹ́ náà. Méje péré ni wọ́n. Benin kò sí níbẹ̀. Nàìjíríà tó wà nítòsí wa, tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìjọba, kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Oko-Akarè àti gbogbo Adja-Ouèrè gbọ̀ngbọ̀n. Ọmọ wa tó kàwé Gẹ̀ẹ́sì gba licence ní Abomey-Calavi, tó padà sílé tí kò tíì ríṣẹ́, ń wo fíìmù Kòríà lórí fóònù. Bí ẹnì kan bá sọ fún un pé wọ́n ń wá tíṣà Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, òótọ́ ni onítọ̀hún sọ. Àbọ̀ òótọ́ ni, àbọ̀ yìí náà ló sì lè mú kí bàbá fi oko ọ̀pẹ dógò, kí ìyá sì kó owó èpo àti gààrí tó ń tà lọ́jà Ikpinlè lé alágbàtà lọ́wọ́.

Ìdí nìyí tí a fi tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kí olówó tó tú àpò.

Kí ló dé tí Kòríà ń wá olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì?

Àwọn ará Kòríà kò kóyán ìwé kéré rárá. Lọ́dọọdún, nínú oṣù kọkànlá, àwọn ọmọ tó ń parí ilé ẹ̀kọ́ girama máa ń ṣe ìdánwò kan ṣoṣo tí yóò pinnu yunifásítì tí wọn yóò wọ̀. Gẹ̀ẹ́sì wà nínú ìdánwò náà. Nígbà tí àwọn ọmọ bá ń tẹ́tí sí apá tí wọ́n máa ń gbọ́ létí níbẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú kankan kì í gbéra, kankan kì í sì í balẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ náà fún bí ìṣẹ́jú 35, kí ariwo má baà dí wọn lọ́wọ́. Ibẹ̀ lẹ ti lè rí bí wọ́n ṣe ka Gẹ̀ẹ́sì sí tó.

Ní ọdún 1995 ni ìjọba Kòríà dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní EPIK, láti máa mú àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti kékeré wá sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Olùkọ́ ọmọ Kòríà àti àlejò yìí ni wọ́n jọ máa ń dúró níwájú kíláàsì.

Yàtọ̀ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni wà tí wọ́n ń pè ní hagwon. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ máa ń lọ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, títí di alẹ́, láti tún kẹ́kọ̀ọ́ sí i. Òbí ló ń san owó rẹ̀. Àwọn hagwon yìí náà ń wá olùkọ́ láti òkè òkun.

Ta ni òfin gbà láyè?

Físà tó wà fún iṣẹ́ yìí ni E-2. Fún ẹni tó fẹ́ kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, orílẹ̀-èdè méje tí òfin fọwọ́ sí nìwọ̀nyí: Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà, Áyálándì, Ọsirélíà, Niu Sílándì àti Gúúsù Áfíríkà. Nínú gbogbo Áfíríkà, Gúúsù Áfíríkà nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ náà gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wọn láti ilé ẹ̀kọ́ girama.

Ẹ kíyè sí i pé ìwé ìrìnnà ni òfin yìí ń wò kó tó wo ẹnu. Ọmọ Nàìjíríà tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì lá àlá, tó gba ìwé ẹ̀rí Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn, kò lè gba E-2 láti kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì tó bá jẹ́ pé ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nìkan ló ní. Ọmọ Gánà àti ọmọ Kẹ́ńyà náà kò lè gbà á. Bí ọmọ Benin tí èdè Faransé jẹ́ èdè ìjọba rẹ̀ yóò ṣe wá rí i gbà, ó ṣòro láti rí ọ̀nà rẹ̀.

Nígbà mìíràn, àdéhùn láàrin ìjọba méjì lè ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Íńdíà ṣe irú rẹ̀. Àdéhùn ọrọ̀ ajé tí òun àti Kòríà tọwọ́ bọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2010, ó sì fún àwọn ará Íńdíà tó ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́ láyè láti ṣe igbákejì olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba ló jókòó pẹ̀lú ìjọba kí èyí tó ṣeé ṣe. Alágbàtà kankan kò lè fi owó ọwọ́ rẹ̀ ra irú àdéhùn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn tó wà ni pé kí èèyàn jẹ́ ọkọ tàbí aya ọmọ Kòríà, kí ó máa gbé ibẹ̀ lábẹ́ físà ìgbéyàwó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè wá iṣẹ́ tó wù ú. Èyí kì í ṣe ohun tí a lè fi ṣòwò, nítorí ìjọba wọn máa ń yẹ irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ wò fínnífínní.

Ìwé wo ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́?

Àwọn tí òfin gbà láyè pàápàá kì í rìn wọ ibẹ̀ bẹ́ẹ̀ lásán. Wọ́n gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì, irú èyí tí àwa ń pè ní licence. Wọ́n gbọ́dọ̀ mú casier judiciaire láti orílẹ̀-èdè wọn, kí ìjọba wọn sì fi òǹtẹ̀ sí i pé ojúlówó ni. Bí wọ́n bá gúnlẹ̀, wọ́n á ṣe àyẹ̀wò ara àti àyẹ̀wò oògùn olóró.

Òfin yìí le sí i ní ìparí ọdún 2007. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ọlọ́pàá mú ọmọ Kánádà kan ní Táílándì lórí ẹ̀sùn pé ó bá àwọn ọmọdé ṣèṣekúṣe. Kòríà ló ti ń ṣe tíṣà Gẹ̀ẹ́sì kó tó sá lọ sí Táílándì. Inú bí àwọn òbí ní Kòríà gan-an, ìjọba sì fi àyẹ̀wò kún àyẹ̀wò.

Ọ̀kan nínú àyẹ̀wò náà dá ìjà sílẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn olùkọ́ àlejò máa ṣe àyẹ̀wò kòkòrò HIV, àmọ́ wọn kò ní kí olùkọ́ ọmọ Kòríà ṣe é. Olùkọ́bìnrin kan láti Niu Sílándì kọ̀ láti tún un ṣe, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń gbógun ti ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ìgbìmọ̀ náà dá a láre ní ọdún 2015, Kòríà sì fòpin sí àyẹ̀wò HIV yìí fún àwọn olùkọ́ ní ọdún 2017.

Èló ni wọ́n ń san, báwo ni ìgbé ayé ibẹ̀ ṣe rí?

Olùkọ́ tó wà lábẹ́ ètò EPIK máa ń gba owó tó lé ní mílíọ̀nù méjì owó Kòríà, tí wọ́n ń pè ní won, lóṣooṣù. Bí a bá ṣẹ́ ẹ sí owó tiwa, ó jẹ́ nǹkan bí 800,000 sẹ́fà, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó ní ìrírí. Ọdún kan ni àdéhùn iṣẹ́ náà, wákàtí 22 ni wọ́n sì fi ń kọ́ni lọ́sẹ̀. Wọ́n máa ń fún olùkọ́ nílé tàbí kí wọ́n fún un lówó ilé. Bí ó bá parí ọdún kan, òfin ní kí wọ́n fún un ní owó oṣù kan lé e gẹ́gẹ́ bí owó ìfẹ̀yìntì.

Ti hagwon kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Ilé òwò ni, ó lè dára, ó sì lè dìde lọ́jọ́ kan kó ti ilẹ̀kùn pa láì san owó tíṣà. Físà E-2 so olùkọ́ mọ́ ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́. Kò lè ṣàdédé kúrò níbẹ̀ lọ síbòmíràn. Bí ó bá ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nílé láti fi rí owó díẹ̀ sí i láìgba àṣẹ, ó ti rú òfin, wọ́n sì lè dá a padà sílé.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara náà wà ńbẹ̀. Ọ̀pọ̀ hagwon ló máa ń béèrè fọ́tò kí wọ́n tó gbani síṣẹ́. Ní ọdún 2014, ìròyìn ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú kan jáde, ẹni tí wọ́n sọ fún gbangba pé òyìnbó aláwọ̀ funfun ni ilé ẹ̀kọ́ náà ń fẹ́. Ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà wà lọ́wọ́ rẹ̀ o. Síbẹ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Gúúsù Áfíríkà pọ̀ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ náà dáadáa.

Ọ̀dọ́ tó lọ ní ọdún 1886

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àná ni iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1886, ọba Kòríà, Gojong, ní kí wọ́n wá olùkọ́ láti Amẹ́ríkà láti máa kọ́ àwọn ọmọ ìjòyè ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta ni wọ́n rán. Ọ̀kan nínú wọn ni Homer Hulbert, ọmọ ọdún 23.

Ohun tó mú Hulbert yàtọ̀ ni pé kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbájú mọ́. Ó kọ́ èdè Kòríà débi pé, ní nǹkan bí ọdún 1890, ó fi èdè náà kọ ìwé nípa àwọn ilẹ̀ ayé fún ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀nà ìkọ̀wé ìbílẹ̀ tí gbogbo mẹ̀kúnnù lè kà ló fi kọ ọ́, nígbà tí àwọn ìjòyè ṣì ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ìkọ̀wé náà, tí wọ́n fẹ́ràn ti àwọn ará Ṣáínà.

Nígbà tí Jàpáànù fẹ́ gba Kòríà, Hulbert wà lára àwọn tí ọba rán kiri àgbáyé láti lọ bẹ̀bẹ̀ fún ilẹ̀ náà. Ẹ̀bẹ̀ wọn kò jẹ́, Jàpáànù sì jọba lé Kòríà lórí láti ọdún 1910 títí di 1945. Ní ọdún 1949, Hulbert tó ti darúgbó padà sí Kòríà gẹ́gẹ́ bí àlejò ìjọba. Kò lò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tó fi kú ní Seoul, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí, gẹ́gẹ́ bó ṣe fẹ́.

Ohun tó wà nínú ìtàn yìí fún ọmọ tiwa ni pé èdè àlejò ló gbé ọ̀dọ́kùnrin náà débẹ̀, àmọ́ èdè onílé tó kọ́ ló jẹ́ kí wọ́n máa rántí rẹ̀ dòní.

Ibo ni ẹ̀tàn máa ń gbà wọlé?

Ẹlẹ́tàn kì í mú irọ́ lásán wá, ó máa ń fi òótọ́ pò ó ni. Yóò fi ìkéde iṣẹ́ tó jẹ́ ojúlówó hàn yín lórí fóònù. Yóò ka owó oṣù náà fún yín, òótọ́ sì ni iye rẹ̀. Ohun tí kò ní kà fún yín ni ìlà tí wọ́n kọ orúkọ orílẹ̀-èdè méje sí.

Òmíràn yóò ní, “Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fi físà ìbẹ̀wò lọ, a ó tún un ṣe níbẹ̀.” Físà ìbẹ̀wò kì í ṣe físà iṣẹ́. Bí wọ́n bá mú èèyàn tó ń fi í ṣiṣẹ́, wọ́n á dá a padà, wọ́n sì lè fòfin dè é pé kó má wọ ilẹ̀ náà mọ́ fún ọdún púpọ̀. Gbèsè tí òbí jẹ nílé kò ní bá ọkọ̀ òfuurufú náà padà wọlé.

Ẹlòmíràn yóò ní òun lè bá a ṣe ìwé ẹ̀rí. Ẹ ṣọ́ra gidi níbí yìí. Ní òpin ọdún 2023, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Daily Nigerian kan fi hàn bí òun ṣe gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì ní Kútọnu láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba Nàìjíríà dáwọ́ gbígba ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Togo dúró. Nígbà tó yá, yunifásítì mẹ́jọ péré ni wọ́n ní àwọn yóò máa gbà láti orílẹ̀-èdè méjèèjì. Abomey-Calavi àti Parakou wà lára wọn. Ayédèrú ìwé àwọn kan ti kó bá ọmọ tó fi òógùn ojú kàwé.

Èyí tó burú jù ni ti àwọn tí wọ́n ṣèlérí iṣẹ́ fún ní Éṣíà, tí wọ́n wá tì mọ́ inú ọgbà, tí wọ́n sì fipá mú wọn máa lu jìbìtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, iléeṣẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé ó kéré tán, àwọn èèyàn 120,000 ní Myanmar àti nǹkan bí 100,000 ní Kàmbódíà ló ṣeé ṣe kó wà nínú irú ìgbèkùn yìí. Àwọn ọmọ Áfíríkà wà láàrin wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kàwé, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀nà wo ló wá ṣí fún ọmọ tiwa?

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bí ti olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì bá tì, ọ̀nà mìíràn wà tí òfin fọwọ́ sí.

Àkọ́kọ́ ni kí ó lọ sí Kòríà gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Ìjọba Kòríà ní ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Global Korea Scholarship. Ó ń san owó ilé ìwé, owó ọkọ̀ òfuurufú àti owó oúnjẹ. Ọdún kan àkọ́kọ́ jẹ́ ti kíkọ́ èdè Kòríà. Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba BAC, ìkéde rẹ̀ sábà máa ń jáde ní bí oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ orí wọn kò sì gbọdọ̀ tó 25. Fún àwọn tó ti ní licence, oṣù kejì ló sábà máa ń jẹ́, ọjọ́ orí wọn kò sì gbọdọ̀ tó 40. Àyè tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní máa ń yí padà lọ́dọọdún, nítorí náà kí ọmọ wò ó bóyá Benin wà nínú ti ọdún náà. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀.

Èkejì ni ilé. Láti ọdún 2019 ni ìjọba Benin ti ń fi ètò àwọn tí à ń pè ní aspirant gba olùkọ́ sí àwọn CEG, Gẹ̀ẹ́sì sì wà lára iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́. Owó rẹ̀ kò tó ti Kòríà, a kò ní tan ara wa. Àmọ́ ẹni tó bá ṣe é, tó tún gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́ ní École Normale Supérieure, yóò ní ohun tí gbogbo ayé ń béèrè: ìrírí tó ní ẹ̀rí.

Ẹ má gbàgbé pé àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ń ti ọ̀dọ̀ wọn wá síbí láti wá kọ́ ọmọ wa ní Gẹ̀ẹ́sì. Peace Corps ti ń rán wọn wá láti ọdún 1968, nígbà tí ilẹ̀ wa ṣì ń jẹ́ Dahomey. Ọdún méjì ni wọ́n ń lò ní abúlé, lórí owó oúnjẹ kékeré. Ọmọ wa tó bá bá irú wọn ṣiṣẹ́ pọ̀ lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti ẹnu wọn láìná owó ọkọ̀ kankan.

Ẹ̀kẹta wà ní òdìkejì ààlà. Èdè Faransé tí ọmọ wa gbọ́ ní láti ilé ẹ̀kọ́ jẹ́ ọjà ní Nàìjíríà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Faransé ní yunifásítì Nàìjíríà máa ń lọ sí Abúlé Èdè Faransé ní Àjàrá, Àgbádárìgì, láti lọ fi èdè náà kọ́ ẹnu. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni púpọ̀ níbẹ̀ ló ń wá olùkọ́ Faransé. Lábẹ́ àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979, ọmọ Benin lè wọ Nàìjíríà fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Bí ó bá fẹ́ jókòó ṣiṣẹ́, kí ó gba ìwé ìgbélùú. Ọmọ tó gbọ́ Yorùbá, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì lè bá òbí sọ̀rọ̀, kó bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, kó sì kọ́ ọmọ. Náírà ti já wálẹ̀ gan-an láti ọdún 2023, nítorí náà kí ó ṣírò owó oṣù náà sí sẹ́fà kó tó gbà.

Yorùbá fúnra rẹ̀ náà ń gbé èèyàn rìnrìn àjò. Ètò FLTA ti Fulbright, tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀, ti mú àwọn ọ̀dọ́ ọmọ Nàìjíríà lọ sí yunifásítì Amẹ́ríkà láti lọ kọ́ni ní Yorùbá fún sáà ẹ̀kọ́ kan. Àwọn ọmọ ọdún 21 sí 29 ló wà fún. Èdè tí àwọn kan ń lé ọmọ wọn pé kó má sọ nínú ilé ni wọ́n lọ fi ṣe olùkọ́ lókè òkun.

Ìbéèrè márùn-ún kí owó tó kúrò lọ́wọ́

Bí ẹnì kan bá mú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ Kòríà wá bá yín nílé, ẹ pe ọmọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kàwé jókòó, kí ẹ sì bi ẹni náà báyìí:

1. Físà wo ni? Kí ó kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀.

2. Ǹjẹ́ ìwé ìrìnnà Benin lè gba físà náà? Kí ó fi ibi tí ìjọba Kòríà kọ ọ́ sí hàn yín, kì í ṣe ohun tó fi ẹnu sọ.

3. Kí ni orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tó gbà á síṣẹ́, níbo ló wà, ta ló fọwọ́ sí àdéhùn iṣẹ́ náà?

4. Kí ni owó tó ń gbà wà fún? Owó físà, ilé iṣẹ́ aṣojú Kòríà ni wọ́n ti ń san án, wọ́n sì máa ń fúnni ní rìsíìtì.

5. Bí físà kò bá jáde, ta ni yóò dá owó padà, níwájú ẹlẹ́rìí wo?

Ẹni tó ní iṣẹ́ tòótọ́ lọ́wọ́ kò ní bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí. Bí ó bá ń kán yín lójú, tó ń ní àyè ti fẹ́ tán, pé ọ̀la ni ìparí, ẹ jẹ́ kí àyè náà tán. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀pẹ tí bàbá gbìn kí ọmọ tó wọ ilé ìwé ló ń san owó ilé ìwé náà títí dòní. Bí a bá ti fà á lé ọlọ́wọ́ gbọọrọ lọ́wọ́, Kòríà kò ní bá wa gbà á padà.